Oríkì Ta Ni Èyí? Lámèyítọ́ lórí Ewì Mẹ́ta Inú Ìtẹ̀jáde Wa Tó Kọjá

  Ewì mẹ́ta ló wà nínú ìtẹ̀jáde wa tó kọjá tí ọ̀rọ̀ wọn jọra: ewì nípa èèyàn wa àti ogun tí kì í ṣe ogun bàbá wọn. Nígbà tí a kà wọ́n ní ìpàdé, àtẹ́wọ́ tí ẹ pa fún èkíní pọ̀ débi pé ẹni tó kọ ẹ̀kẹta ò fẹ́ dìde mọ́. Ìgbìmọ̀ wa sì ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé èkíní yẹn la máa kà síta ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìn-ín-ní, ọjọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun. Mo ní kí n tètè sọ tèmi kí ẹ̀pa tó di èyí tí ò bóró mọ́. Mi ò ní dárúkọ akéwì kankan. Ẹ mọ ara yín, èmi náà sì mọ̀ yín.

Ẹ jẹ́ ká ti orí èkíní bẹ̀rẹ̀, torí òun lẹ fẹ́ràn jù. Ọkùnrin tí ewì náà ń kì ni August Agboọlá Browne. Èkó ni wọ́n ti bí i ní 1895. Ó bá ọkọ̀ ojú omi dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó bá àwọn òṣèré kiri Yúróòpù, nígbà tó sì di 1922 ó fìdí kalẹ̀ sí orílẹ̀-èdè Pólàǹdì. Onílù ni. Ìlù jáàsì ló ń lù káàkiri àwọn ilé oúnjẹ ní Warsaw, olú ìlú wọn. Ó fẹ́ ọmọ ibẹ̀, ó bí ọmọkùnrin méjì. Nígbà tí Jámánì gbógun wọ Pólàǹdì ní oṣù kẹsàn-án 1939, kò sá kúrò nílùú. Ní 1944, nígbà tí àwọn ará Warsaw dìde sí Jámánì tí wọ́n jà fún ọjọ́ 63 gbáko, ó wà láàárín wọn, orúkọ ogun rẹ̀ sì ń jẹ́ Ali. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù kan ní 1949, nígbà tó fẹ́ wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ti jagun. Nígbà tó yá, ó kó lọ sí London, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1976. Ní 2019, wọ́n gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ fún un ní Warsaw.

Ẹ wo irú ìtàn yẹn ná! Onílù ọmọ Èkó, láàárín ìlú tó ń jóná. Kí wá ni akéwì wa fi ṣe? Ẹ ṣí i sí ojú ewé kẹrin:

Akọni tó ti Èkó wá,
Kìnnìún tó bú, tí igbó mì tìtì,
Ìjì tó jà, tí àwọn igi ńlá wó,
Ọmọ Áfíríkà tí kì í bẹ̀rù ikú.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ fún ìlà 32. Mo ka "akọni" ní ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ. Mo ka "Ali" ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà. Mo wá Agboọlá títí ojú fi ń ro mí, mi ò rí i. Ẹ̀yin ará, oríkì wo la fẹ́ máa ki ọmọ tí a ò ní dárúkọ tí bàbá àti ìyá sọ ọ́? Ali yẹn, orúkọ tó fi ara pamọ́ fún ọ̀tá ni. Ní ogun abẹ́lẹ̀, wọn kì í jẹ́ orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ nílé. Ó wá ku àwa tí a jẹ́ ará ilé rẹ̀, orúkọ tó fi sá pamọ́ náà làwa ń pè é. Ìyẹn nìkan kọ́. Nínú gbogbo ìlà 32, ìlù kan ò dún. Kìnnìún bú, ìjì jà, àrá sán, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì jẹun nídìí ìlù, akéwì ò gbé ọ̀pá ìlù kan lé e lọ́wọ́. Ìgbà tí mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó ń ṣe mí bíi kí n béèrè lọ́wọ́ akéwì pé ọ̀gbẹ́ni, ṣé o mọ ẹni tí ò ń kì?

Àwọn kan á ní ìtọ́sẹ̀ ni mò ń tọ́ kiri. Ó dáa. Mo ṣe ìdánwò kan, ẹ̀yin náà ẹ lè ṣe é nílé. Mo yọ Èkó kúrò ní ìlà àkọ́kọ́, mo fi Warsaw síbẹ̀. Mo yọ Áfíríkà, mo fi Pólàǹdì síbẹ̀. Níbi tí Ali wà, mo kọ Jan Zumbach. Ewì náà ò mira. Kò sí ìlà kan tó kọ̀, kò sí ìlà kan tó ṣẹ́ ní àárín.

Ta ni Zumbach? Kí n tó dáhùn, mo ní láti sọ ti àwọn awabàálù Pólàǹdì, torí bí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn tó bá ẹlòmíràn jagun nígbà Ogun Hítílà, tiwọn ò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Jámánì gba ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ wọn, Rọ́ṣíà gba ìlà-oòrùn, ní oṣù kan náà ní 1939. Àwọn awabàálù yìí sá gba Romania àti Hungary, wọ́n dé ilẹ̀ Faransé, wọ́n bá a jà. Nígbà tí Faransé náà ṣubú ní oṣù kẹfà 1940, wọ́n kọjá sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ fojú kéré wọn, wọ́n ní wọn ò gbédè. Ṣùgbọ́n nígbà tí Jámánì ń ju bọ́ǹbù lu ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1940, 145 ọmọ Pólàǹdì ló gòkè lọ pàdé wọn lójú sánmà, ẹ̀ka wọn kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 303 sì di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Zumbach wà níbẹ̀. Ní 1942, òun ni ọ̀gá ẹ̀ka 303. Àwòrán Donald Duck, pẹ́pẹ́yẹ inú fíìmù, ló yà sára bàálù rẹ̀.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ibi tó jìnnà nìkan o. Láti ìparí 1940, àwọn awabàálù Pólàǹdì wà ní Takoradi, ní Gold Coast ìgbà yẹn tó di Gánà lónìí. Inú àpótí ni ọkọ̀ ojú omi ti ń kó bàálù wá síbẹ̀. Bí wọ́n bá ti tò ó pọ̀ tán, àwọn awabàálù á wà á gba Èkó, Kánò àti Maiduguri, wọ́n á forí lé Khartoum, títí dé Cairo, kí àwọn tó ń jà ní Íjíbítì lè rí nǹkan fi jà. Ẹ rò ó wò. Ọmọ Pólàǹdì ń fò kọjá lórí Èkó, nígbà tí ọmọ Èkó kan wà ní Warsaw lábẹ́ Jámánì. Akéwì tí ò bá rí ewì nínú ìyẹn, kó lọ fi omi tútù bọ́jú.

Ogun parí. Ní ìpàdé Yalta ní 1945, Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fi Pólàǹdì sílẹ̀ sábẹ́ agbára Rọ́ṣíà. Àwọn tó ti jà tọkàntọkàn fún Gẹ̀ẹ́sì ò rí ilé padà sí bó ṣe wù wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì padà rárá. Zumbach wà nínú wọn. Ó fi bàálù ṣe fàyàwọ́ (àwa ará ẹnubodè mọ iṣẹ́ yẹn, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká fọ̀rọ̀ gùn). Ní 1962 ó wa bàálù ogun fún Katanga ní Congo. Ní 1967, ó dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n fi owó gbà á, ó wa bàálù B-26 àtijọ́ kan fún Biafra, ó ju bọ́ǹbù. Orúkọ tó ń jẹ́ nídìí iṣẹ́ yẹn? Brown. Ìwé tó kọ nípa ayé ara rẹ̀, tó jáde lédè Faransé ní 1973, Mister Brown ni àkọlé rẹ̀.

Nítorí náà, Browne kan ti Èkó lọ jà nítorí Warsaw tó ń gbé, Brown kan sì ti Pólàǹdì wá, ó gba owó, ó jà ní ilẹ̀ wa. Ewì tí ẹ pa àtẹ́wọ́ fún kì wọ́n méjèèjì láì yí ju orúkọ padà. Ìyẹn lẹ́jọ́ mi. Bí oríkì bá lè bá ẹni méjì tó rí báyìí mu, kì í ṣe oríkì. Ó dà bí agbádá tí télọ̀ rán sílẹ̀ lọ́jà: ẹni tó bá sanwó ló ni ín.

Mi ò ní kí ẹ kórìíra Zumbach o. Ìjọba àpapọ̀ náà ní àwọn ará Íjíbítì tó ń wa bàálù ogun fún un nínú ogun yẹn, Carl Gustaf von Rosen ọmọ Sweden sì wá jà fún Biafra ní 1969, wọ́n sì ní àánú ló mú tirẹ̀ wá. Ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀ síra, ìyàtọ̀ yẹn gan-an ló yẹ kí ewì lè sọ. Kí sì ni ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìn-ín-ní tí a fẹ́ kà á? Ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí ní 1970 ni. Àwọn tó máa jókòó níwájú wa lọ́jọ́ náà, àwọn kan nínú wọn, bàbá wọn wà ní apá kan, àwọn mìíràn, bàbá wọn wà ní apá kejì. Ẹ fẹ́ dìde síwájú wọn kí ẹ máa ké "akọni, akọni" láì sọ ẹni tó jẹ́ akọni àti ohun tó fi ṣe é?

Ẹni tó bá ti gbọ́ oríkì ní ìdí rẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe ìyìn nìkan ló wà níbẹ̀. Apohùn á rántí ẹni tó jẹ gbèsè, ẹni tó lágídí, ẹni tó fẹ́ràn ẹmu jù, ìjà tí orogún jà. Á dárúkọ ìdí igi àti ẹ̀bá odò. Àbùkù yẹn ló ń jẹ́ kí onítọ̀hún mọ̀ pé òun ni wọ́n ń kì, tí orí rẹ̀ á fi wú. Àwa tí a ń kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ló yẹ kó mọ èyí jù, àbí kí la ń lọ ṣe ní kíláàsì lítíréṣọ̀ alohùn láàárọ̀ kùtùkùtù?

Ewì kejì sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dá lórí àwọn ọmọ Yorùbá tó wọ RAF, ẹgbẹ́ ológun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó kọ ọ́ ti wádìí, ó hàn. Ó mọ̀ pé kí ogun tó dé, ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ bá dúdú kò lè di ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì. Oṣù kẹwàá 1939 ni wọ́n tó sọ pé àwọn ṣí i sílẹ̀, fún ìgbà ogun nìkan. Ohun tó fi ìyẹn ṣe nìyí:

Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ bàbá lójú,
Ogun ló bá ọmọ ṣí i.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìlà méjì yìí. Kò sí kìnnìún níbẹ̀, kò sí ìjì. Ọ̀rọ̀ mẹ́tàlá péré, gbogbo ìwà Gẹ̀ẹ́sì wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ẹsẹ kẹta, àṣá wọlé. Akéwì kó Peter Thomas àti Akin Shenbanjo pọ̀, ó ní àwọn méjèèjì jẹ́ "àṣá kan ṣoṣo lójú ọ̀run". Ó ti kó sí i. Peter Thomas, ọmọ Èkó, ọmọ bàbá kan náà pẹ̀lú Stella Thomas tó jẹ́ obìnrin adájọ́ májísíréètì àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, awabàálù lòun. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ láti agbègbè wa tí RAF sọ di ọ̀gá. Ó kú nínú jàǹbá bàálù ní 1945, kí ogun tó parí. Ẹ lè pe ìyẹn ní àṣá bó bá wù yín. Shenbanjo kì í ṣe àṣá. Bàálù Halifax tó ń wọ̀, èèyàn méje ló ń wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ìròyìn láti ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìyẹn yẹ̀ wò: ọmọ Yorùbá kan nínú òkùnkùn lókè Jámánì, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tẹ́tí. Àwọn mẹ́fà yòókù ò lè gbọ́ ilé bí òun ò bá gbọ́. Wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n kọ "Achtung! The Black Prince" sára bàálù náà nítorí tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ Jámánì ni wọ́n fi ṣáájú, bí ẹni ń ṣẹ̀fẹ̀ fún ọ̀tá pé kó ṣọ́ra, ọmọ ọba dúdú ń bọ̀. Ọ̀tá tó wà nísàlẹ̀ lóru ò lè rí i kà, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́. Ẹni tó ní gbogbo èyí lọ́wọ́, kí ló ń fi àṣá ṣe? Nínú ewì wa, àṣá ti di ẹyẹ tí a máa ń gbé sílẹ̀ níbi tí a ò bá ti fẹ́ ronú.

Ohun kejì tí mo ní sí ewì yìí wúwo jù ú lọ. Lẹ́ẹ̀mẹta ló sọ pé wọ́n "fínnúfíndọ̀ jà fún òmìnira". Òmìnira ta ni? Ọmọ Pólàǹdì tó wọ bàálù ní 1940, ilẹ̀ rẹ̀ ló fẹ́ gbà padà, ẹni tó ń bá jà kọ́ ló gba ilẹ̀ náà. Ti Shenbanjo yàtọ̀. Ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú bàálù, ìjọba ẹni yẹn ló ń ṣàkóso ilé bàbá rẹ̀. Mi ò sọ pé kò yẹ kó lọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun tí Hítílà ń sọ nípa aláwọ̀ dúdú tó fún un láti lọ. Ṣùgbọ́n ìlà "Ogun ló bá ọmọ ṣí i" ti fi ẹsẹ̀ kan wọ inú ọ̀rọ̀ yìí, akéwì wá sáré fà á jáde. Kó padà wọlé, jàre. Ibẹ̀ ni ewì náà wà. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emure-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, tó wọṣẹ́ ológun lọ́mọ ọdún 16 ní 1942, tí wọ́n yìnbọn lù ní Burma ní 1944, kọ ìtàn ara rẹ̀ sínú ìwé kan tó jáde ní 1999. Kò pe ara rẹ̀ ní kìnnìún níbi kankan, ẹni tó bá sì kà á ò ní gbàgbé rẹ̀.

Ó wá ku ẹ̀kẹta, èyí tí wọ́n tì sẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpolówó ẹni tó ń bá èèyàn tẹ pírójẹ́ẹ̀tì. Ọmọ ẹkùn Yewa lẹni tó kọ ọ́, ọmọ Ìmàṣàyí lèmi náà, ẹ lè ní mò ń ṣègbè. Ẹ máa wí.

Kò sí awabàálù nínú ewì yìí, kò tiẹ̀ sí ẹni tó jagun. Ẹni tó sá fún ogun ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ní 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ìlà sáàárín wa. Kétu bọ́ sọ́dọ̀ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹbí kan náà, ọjà kan náà. Faransé kì í bẹ èèyàn wọṣẹ́ ológun. Wọ́n ń mú wọn ni. Nítorí náà, àwọn èèyàn ń dìde lóru, wọ́n ń kọjá sí apá ọ̀dọ̀ wa, odidi ìdílé nígbà mìíràn. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ àwọn òyìnbó, èyí tó jáde ní 1976. Òun náà ló kọ àpilẹ̀kọ kan ní 1975 tó fi hàn pé orin èfẹ̀, èyí tí wọ́n ń kọ lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ṣeé fi wádìí ìtàn agbègbè wa. Nígbà tí àwọn kan ń fínnúfíndọ̀ lọ jà nílẹ̀ òkèèrè, àwọn kan ń fínnúfíndọ̀ sá. Ìwé ìtàn ṣàkọsílẹ̀ àwọn ti àkọ́kọ́ pẹ̀lú fọ́tò. Ti àwọn kejì, ẹnu wa ló kù sí.

Akéwì náà sọ ọ́ báyìí:

Ó gbọ́ ìró bàtà, ó gbọ́mọ kọ́ èjìká;
Àgbàdo tó gbìn ò tíì yọmọ.

Ó tán. Kò ké "ẹ gbà mí", kò pe Faransé ní ìkà. Ọmọ wà lórí èjìká, àgbàdo ò tíì ní ọmọ, ọkùnrin náà sì ń fi ọ̀kan sílẹ̀ nítorí èkejì. Bí ẹ bá yọ ìlà yẹn kúrò lẹ́nu rẹ̀ kí ẹ fi sí ẹnu Zumbach, kò ní gbà. Kò ní gba Peter Thomas náà. Àgbẹ̀ ará Kétu kan ló ni ín, ní àkókò kan nínú ọdún, kí àgbàdo tó gbó.

Kì í ṣe pé ewì yìí ò ní àléébù. Ó fi ìbà bẹ̀rẹ̀ bí ọlọ́fẹ̀, mo sì ń retí kó bú ẹnì kan, torí èfẹ̀ tí ò bú èèyàn, kí ló jáde lóru wá ṣe? Ó yẹ kó fi ìdí ọ̀rọ̀ gún wa: apá ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí bàbá yẹn sá wá, ṣé gbogbo ẹni tó wọṣẹ́ ológun níbẹ̀ ló fi tọkàntọkàn lọ? Akéwì sá fún ìyẹn. Lẹ́yìn náà ló wá fi ìlà mẹ́rin gbáko ní ìparí bẹ̀ wá pé ká nífẹ̀ẹ́ ara wa, ká kọ ogun sílẹ̀, kí àlàáfíà jọba. Ọ̀rẹ́ mi, gé e dànù. Bàbá yẹn ti kọjá ẹnubodè ní ìlà kejìlá. Jẹ́ kó máa lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ìgbìmọ̀ ṣe ni pé ká ka ìkejì àti ẹ̀kẹta tẹ̀lé ara wọn lọ́jọ́ náà, láìsí ọ̀rọ̀ ìṣíde láàárín wọn. Àwọn kan ti ń sọ fún mi pé ọjọ́ àwọn ọmọ ogun kọ́ ló yẹ ká máa ka ewì ẹni tó sá. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ ò lè hàn dáadáa bí a ò bá jẹ́ kí ẹni tó kọ̀ jókòó tì í. Ẹni tó kọ èkíní ṣì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níwájú. Kó lọ wá bí wọ́n ṣe ń lu ìlù jáàsì, kó sì pe ọkùnrin yẹn ní Agboọlá. Èmi ni mo máa kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́bọ̀ la máa dìbò. Ẹni tó bá ní ẹ̀dà tó mọ́ nínú ewì kejì, kó jọ̀ọ́ mú un dání. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi, fọ́tókọ́pì ti jẹ ìlà méjì tó wà nísàlẹ̀.